Òjò, Oúnjẹ àti Iye Ẹyẹ ní Ilẹ̀ Sàhẹ́lì

Sàhẹ́lì ni ilẹ̀ gbígbẹ tí ó wà ní ìhà gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà, tí ó lọ láti Sẹ̀nẹ̀gàl títí dé Sudan, níbi tí ọ̀pọ̀ jù lọ òjò ọdún ti máa ń rọ̀ láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án. Òjò ni ó ń pinnu iye ẹyẹ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe nípa omi mímu nìkan. Oúnjẹ tí òjò mú jáde, àti ìgbà tí ó mú un jáde, ni ọ̀rọ̀ náà dúró lé.

Ẹyẹ tí ó fi èyí hàn kedere ni quelea, tí àgógó rẹ̀ pọ́n, tí kò wúwo ju nǹkan bí gíráàmù 20 lọ, tí ó sì wà lára àwọn ẹyẹ ìgbẹ́ tí ó pọ̀ jù lọ láyé. Ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, hóró koríko tí ó ti gbọ̀n sílẹ̀ ni ó ń ṣà jẹ, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ ìhà àríwá Nàìjíríà sì ń ṣọ́ jéró àti ọkà bàbà wọn nítorí rẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí a kíyè sí ni pé ìyàn ni àkọ́rọ̀ òjò máa ń mú wá bá ẹyẹ yìí, nítorí pé bí ilẹ̀ bá ti rin, hóró tí ó ṣẹ́ kù a hù láàárín ọjọ́ díẹ̀, koríko tuntun kò sì ní í so títí ọ̀sẹ̀ mélòó kan yóò fi kọjá. Peter Ward, tí ó ṣe ìwádìí lágbègbè Adágún Chad ní àwọn ọdún 1960, ṣàlàyé pé ẹyẹ náà a kọ́kọ́ kó ọ̀rá sára, a sì fò kọjá ibi tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé, lọ síhà gúúsù níbi tí òjò ti ṣáájú rọ̀ tí koríko sì ti so. Lẹ́yìn náà ni yóò máa tẹ̀ lé èso koríko padà sí àríwá, tí yóò pa ìtẹ́ rẹpẹtẹ sórí igi ẹlẹ́gùn-ún, tí yóò sì fi kòkòrò bọ́ ọmọ ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́.

Bí òjò bá kọ̀ tí kò rọ̀, ìpalára rẹ̀ kì í mọ sí Áfíríkà. Ẹyẹ whitethroat, tí ọ̀fun rẹ̀ funfun, a máa lo ìgbà òtútù Yúróòpù ní Sàhẹ́lì, níbi tí ó ti ń jẹ kòkòrò àti èso igi kí ó tó tún Sàhárà là kọjá. Lẹ́yìn ọ̀dá ọdún 1968, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn ni kò padà sí Bìrìtéènì ní 1969, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tí ó ṣe igbó tí wọ́n ń pamọ sí níbẹ̀. Títí di òní, iye wọn ní Bìrìtéènì kò tíì padà sí bí ó ti rí ṣáájú ọ̀dá náà.