Ẹ Jẹ́ Ká Mọ̀: Ọ̀rọ̀ Tútù Tó Dá Idà Padà

Ṣé ẹ mọ̀ pé èébú ẹnu kan fẹ́rẹ̀ẹ́ run gbogbo ọkùnrin ilé Nábálì? Ìtàn náà wà nínú 1 Sámúẹ́lì 25. Nábálì bú Dáfídì; Dáfídì kó 400 ọkùnrin, wọ́n sán idà mọ́dìí. Ábígáílì, ìyàwó Nábálì, kó oúnjẹ pàdé Dáfídì lọ́nà, ó wólẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀. Inú Dáfídì rọ̀. Kò tàjẹ̀ sílẹ̀ mọ́.

Ẹ̀kọ́ fún Kristẹni:
• Ẹ tètè gbọ́, ẹ má tètè fèsì (Jákọ́bù 1:19).
• Ẹ má gbé ìbínú sùn (Éfésù 4:26).
• Èso Ẹ̀mí ni ìkóra-ẹni-níjàánu (Gálátíà 5:23). Ẹ bèèrè rẹ̀ nínú àdúrà.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bí inú bá bí yín lónìí, ẹ kọ́kọ́ gbàdúrà kí ẹ tó fèsì.