Ẹ bi akọ̀wé kí ẹ tó gbé kọ̀ǹpútà dé: ẹ̀kọ́ kan láti Berlin àti Hamburg

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà kó owó oṣù àwọn olùkọ́ yunifásítì rẹ̀ sínú IPPIS, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti ń fi san owó òṣìṣẹ́ ọba láti ọdún 2007. Kò pẹ́ tí ariwo fi sọ. Ẹni 60 ọdún ni òṣìṣẹ́ ọba ń fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ẹni 70 ọdún ni òfin ní kí ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ̀yìn tì. Olùkọ́ a máa fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún ọdún kan lọ kọ́ni ní yunifásítì míì. Òmíràn a máa kọ́ni níbì kan gẹ́gẹ́ bí àlejò. Ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ASUU, ní ètò náà kò mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ni wọ́n bá ṣe tiwọn, wọ́n pè é ní UTAS. Ìjà náà wà lára ohun tó fa ìyanṣẹ́lódì ọdún 2020. Oṣù Kejìlá ọdún 2023 ni Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Ìjọba Àpapọ̀ tó fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga jáde nínú IPPIS.

Lójú tèmi, ara òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ìjọba ni wọ́n gé aṣọ yẹn mọ́, wọ́n wá gbé e wọ yunifásítì.

Ẹni tó fẹ́ mọ bí irú èyí ṣe ń ṣẹlẹ̀, Berlin ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1978, nígbà tí odi ṣì la ìlú náà sí méjì, Technische Universität tó wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Berlin gba Christiane Floyd láti jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ sọ́fítíwià. Ìlú Vienna ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1943, ìmọ̀ ìṣirò ló kà, ó sì ti ṣiṣẹ́ ní Siemens àti ní Stanford ní Amẹ́ríkà. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Jámánì.

Lọ́dún mẹ́wàá ṣáájú ìgbà náà, àwọn àgbà nínú iṣẹ́ yìí ti pàdé ní Garmisch, ní gúúsù Jámánì. Wọ́n ṣàròyé pé sọ́fítíwià ńláńlá ń pẹ́ kó tó jáde, ó ń gbówó lórí, àṣìṣe sì kún inú rẹ̀. Oògùn tí ọ̀pọ̀ èèyàn nínú iṣẹ́ náà wá gbára lé ni pé kí iṣẹ́ máa lọ ní ìpele-ìpele: ẹ bi ilé-iṣẹ́ ní ohun tó fẹ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ fọwọ́ sí i, kí àwọn tó máa kọ ètò náà ti ilẹ̀kùn mọ́rí, kí wọ́n má jáde àfi tó bá parí.

Floyd rí i pé ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn gan-an ni kò rọrùn. Ẹ wo akọ̀wé kan nídìí káńtà. Bí ẹ bá ní kó sọ iṣẹ́ rẹ̀, á ní: mo ń gba fọ́ọ̀mù, mo ń lù ú ní òǹtẹ̀, mo ń kó o sínú fáìlì. Kò ní rántí sọ pé bírò pupa lòun fi ń sàmì sí etí fọ́ọ̀mù tí kò tíì pé, pé abẹ́ òkìtì lòun ń tì í sí títí ẹni tó ni ín á fi mú ìwé tó kù wá. Ó ti mọ́ ọn lára débi pé kò mọ̀ pé ohun tó yẹ kéèyàn sọ ni. Ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà bá dé tó ní òun kò gba fọ́ọ̀mù tí kò pé, akọ̀wé á dọ́gbọ́n: á tẹ òdo mẹ́wàá síbi tí nọ́ńbà yẹ kó wà, kí ẹ̀rọ lè jẹ́ kó kọjá. Láti ọjọ́ náà ni irọ́ ti wọ inú ìwé ilé-iṣẹ́.

Nínú àpilẹ̀kọ kan tó jáde lọ́dún 1987, Floyd ní ojú méjì la lè fi wo sọ́fítíwià. A lè wò ó bí ọjà tí a ṣe tán tí a gbé fún oníbàárà. A sì lè wò ó bí iṣẹ́ tí ẹni tó ń kọ ọ́ àti ẹni tó ń lò ó jọ ń ṣe, tí wọ́n jọ ń kọ́gbọ́n lára ara wọn. Ojú kejì yìí lòun àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Berlin fi gbé ọ̀nà tí wọ́n pè ní STEPS kalẹ̀. Ẹ̀dà kan á jáde, òṣìṣẹ́ á fi ṣiṣẹ́ gidi, ibi tó ti fún un á hàn, wọ́n á tún un ṣe, ẹ̀dà míì á tẹ̀ lé e. Télọ̀ tó mọṣẹ́ kì í rán aṣọ tán kó tó pe oníbàárà. Á kọ́kọ́ fi òwú gán an, kí onítọ̀hún gbé e wọ̀ wò.

Lọ́dún 1991, Floyd kó lọ sí Yunifásítì Hamburg. Ibẹ̀ náà ni Heinz Züllighoven ti kọ́ni, ẹni tó wo tábìlì oníṣẹ́ ọwọ́ nígbà tó ń ro bí ojú kọ̀ǹpútà ṣe yẹ kó rí. Irinṣẹ́ wà lórí tábìlì, ohun tí a ń fi irinṣẹ́ ṣe náà wà níbẹ̀, ẹni tó mọṣẹ́ ló sì ń pinnu èyí tó máa kọ́kọ́ mú. Ta ló jẹ́ pàṣẹ fún télọ̀ pé abẹ́rẹ́ ni kó mú kó tó mú sísọ́ọ̀sì?

Ọgbọ́n yìí wà ní Jámánì, síbẹ̀ ìjọba ibẹ̀ pàápàá ń tiraka. Òfin kan lọ́dún 2017 ní kí irú iṣẹ́ ìjọba 575 wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ọdún 2022 tó parí. Ọdún parí, iṣẹ́ kò parí.

Ọ̀kan lára èyí tó yọrí sí rere ni ti Anmeldung, ìforúkọsílẹ̀ àdírẹ́sì. Ọmọ Yorùbá tó bá ń gbé Berlin kò ṣàì mọ̀ ọ́n: ọ̀sẹ̀ méjì ni òfin fúnni lẹ́yìn tí a bá kó wọ ilé tuntun, ọjọ́ àdéhùn ní ọ́fíìsì sì lè ṣòroó rí. Hamburg ṣe ètò kan téèyàn lè fi ṣe é láti inú ilé, wọ́n sì ṣe é lọ́nà tí àwọn ìpínlẹ̀ míì fi lè gbà á lò. Berlin gbà á lọ́dún 2024. Fóònù á ka káàdì ìdánimọ̀ rẹ; lẹ́yìn náà, sítíkà kékeré kan tí wọ́n tẹ àdírẹ́sì tuntun sí á bá lẹ́tà dé, ìwọ fúnra rẹ á sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ káàdì. Òṣìṣẹ́ ìjọba ló ń lẹ sítíkà yẹn tẹ́lẹ̀ nídìí káńtà. Inú mi dùn sí sítíkà yìí, nítorí ẹni tó bá ti wo iṣẹ́ káńtà dáadáa nìkan ló lè rántí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kíkó láti ilé kan sí òmíràn nínú Jámánì ni ètò náà mọ̀. Ẹni tí mo fẹ́ kí wọ́n bi léèrè kí ẹ̀dà míì tó jáde ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé, tó ṣì gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ, tó jókòó sí gbọ̀ngàn pẹ̀lú pásípọ́ọ̀tù àti ìwé tí onílé fọwọ́ sí, tó ń wo nọ́ńbà tó ń yí lójú ògiri.