Ọ̀bẹ Kékeré Tó Wà Lápò Yín

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bi mí níjọ́sí bóyá òfin gbà kéèyàn máa mú ọ̀bẹ kékeré, irú èyí tí à ń ká sínú èèkù rẹ̀, rìn kiri ìgboro Ìgbòho, torí ẹ gbọ́ pé wọ́n gba ti ẹnì kan lójú ọ̀nà. Ẹ tún ní ọmọ yín tó ń lọ sí London fẹ́ mú ọ̀kan dání lọ. Ọ̀tọ̀ ni èsì ìkíní, ọ̀tọ̀ ni ti ìkejì. Ẹ jẹ́ kí n fi tilé ṣáájú.

Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí a ń lò lápá ibí kò dárúkọ ọ̀bẹ tó ń ká. Kò wọn gígùn ojú rẹ̀, kò sì ní kí ẹ lọ gba ìwé àṣẹ. Ìbọn ni òfin 1959 ní kéèyàn gba ìwé fún, títí kan ṣakabùlà àwọn ọdẹ. Lára ọlọ́bẹ, ibi tó wà, ìgbà tó jẹ́, ìṣe rẹ̀ àti ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni òfin ń wò.

Abala 80 ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Ó ní ẹni tó bá di ìhámọ́ra jáde sí gbangba láìní ìdí tó bófin mu, lọ́nà tí yóò fi dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni, ti dẹ́ṣẹ̀. Ó lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 2 jura, wọ́n sì lè gba ohun ìjà náà lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá. Ẹ kíyè sí i pé nǹkan mẹ́ta ló so pọ̀ níbẹ̀: kó jẹ́ gbangba, kó má sí ìdí, kó sì dẹ́rù bani. Bí ọ̀kan bá já nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹjọ́ já.

Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kì í fi mú alápatà tó ń ti ọjà bọ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ gbọọrọ nínú báàgì, tàbí olóko tó so àdá mọ́ ara ọ̀kadà, tàbí olóólà tó kó abẹ sápò lọ kọlà fún ọmọ. Irin ọwọ́ wọn mú ju tiyín lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn ni ìdí wọn. Tiyín tí ẹ fi ń bó ọsàn, tí ẹ sì fi ń já okùn ẹnu àpò ẹ̀lúbọ́, òun náà nídìí. Àmọ́ ká ní ẹ̀yin àti awakọ̀ kan ń fa ọ̀rọ̀ owó ní gáréèjì, ẹ wá ki ọwọ́ bọ àpò, ẹ ṣí ọ̀bẹ ọsàn yìí, ọkùnrin náà sì ta kìjí sẹ́yìn. Ẹ̀jẹ̀ kò kán, ẹnikẹ́ni kò fara pa, síbẹ̀ ẹ ti fẹsẹ̀ ara yín rìn wọnú abala 80. Ọ̀bẹ kan náà ni o.

Òfin àtijọ́ sì ni. Lọ́dún 1916 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ìwé òfin ìwà ọ̀daràn kan ṣoṣo lélẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà. Ti Queensland ní Ọsirélíà, tó jáde ní 1899, ni wọ́n wò kọ. Èrò inú abala 80 tilẹ̀ dàgbà ju ìyẹn lọ, torí ní 1328 ni òfin kan tí wọ́n ṣe ní Northampton, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ń kìlọ̀ fún ẹni tó bá ń di ìhámọ́ra wọ ọjà. Nígbà yẹn, ó ṣì ku bí 200 ọdún kí àwọn Aláàfin tí ogun lé kúrò ní Ọ̀yọ́ Ilé tó wá jókòó sí Ìgbòho wa níbí, tí a fi sin mẹ́rin nínú wọn sí Igbó Ọba. Àwọn ará Àríwá yọ ara wọn kúrò nínú ìwé 1916 ní 1960, wọ́n gba tiwọn, Penal Code. Nítorí náà bí ẹ bá ti Kìṣí kọjá wọ Kwara, ìwé òfin míì lẹ bọ́ sí yẹn.

Ẹnu ló ń kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí wàhálà ju ọ̀bẹ lọ. Òfin ìdigunjalè, tí wọ́n ṣe ní 1984, túmọ̀ ohun ìjà sí ohunkóhun tí wọ́n dìídì ṣe láti fi ṣe èèyàn léṣe, tàbí tí ẹni tó mú un dání ní in lọ́kàn láti lò bẹ́ẹ̀. Ó ka ọrun òun ọfà, ọ̀kọ̀, àdá, kùmọ̀, ó kà á títí dórí igi, àfọ́kù ìgò àti òkúta. Bí òkúta bá wà níbẹ̀, ọ̀bẹ yín kò lè sọ pé òun kéré. Wàyí o, bí wọ́n bá bi yín pé kí lẹ ń fi í ṣe, tí ẹ ní ọsàn lẹ fi ń bó, irinṣẹ́ ni. Bí ẹ bá ní torí àwọn ajínigbé ni, pé bí wọ́n bá yọ sí yín lọ́nà oko ẹ ó fún wọn jẹ, ẹ ti fẹnu ara yín sọ pé èèyàn lẹ fẹ́ fi gún. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ọ̀nà kì í ṣe àròsọ ní Òkè-Ògùn. Òfin náà sì gbà kéèyàn gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá kọlù ú, níwọ̀n tó bá yẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n kọlù yín, ọ̀tọ̀ ni kí ẹ máa di ìhámọ́ra rìn dè wọ́n.

Òfin 1984 yìí náà ló yẹ káwọn ọmọkùnrin àdúgbò gbọ́. Ẹni tó bá fipá ja èèyàn lólè lọ́wọ́ òfo, ẹ̀wọ̀n ọdún 21, ó kéré tán. Bí ohun ìjà bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ikú ni. Òfin kò sọ pé ọ̀bẹ kéré ju ìbọn, ẹni tó sì bá ọlọ́bẹ náà rìn lọ, tí òun fúnra rẹ̀ kò mú nǹkan kan dání, ìdájọ́ kan náà ló wà fún un. Ó le, lójú tèmi ó tilẹ̀ le jù, ṣùgbọ́n bó ṣe wà nìyẹn.

Alẹ́ tún ní tirẹ̀. Nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn, aago 6:30 ìrọ̀lẹ́ ni òru bẹ̀rẹ̀, ó di 6:30 àárọ̀ kó tó parí. Abala 417 ní bí wọ́n bá bá irinṣẹ́ ìfọ́lé lọ́wọ́ èèyàn lóru, òun fúnra rẹ̀ ni yóò ṣàlàyé ìdí tó fi mú un dání. Bí àlàyé kò bá dúró, ẹ̀wọ̀n ọdún 3. Ọ̀bẹ ọsàn lásán kì í ṣe irinṣẹ́ ìfọ́lé, àmọ́ bí tiyín bá jẹ́ irú èyí tí irin ìtú-bóòtù àti irin ìjálẹ̀kùn kún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ yáa fi sílé lálẹ́.

Àwọn ibì kan wà tó yẹ kí ẹ ti fi í sílé pátápátá. Ìpàdé gbangba àti ìwọ́de wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ ìdìbò, òfin ìdìbò dá mítà 300 yí ibùdó ìdìbò ká: ẹni tí wọ́n bá bá ohun ìjà lára rẹ̀ láàárín ibẹ̀ lè san owó ìtanràn tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n. Bẹ́ẹ̀ náà ni igbó ńlá tí ìjọba àpapọ̀ ń ṣọ́, Old Oyo National Park, tó dé Sẹ́pẹ̀tẹ́rí. Ohun ìjà kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ láìgbàṣẹ, àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó kò sì ní jókòó bá yín jiyàn lórí ọsàn.

Ti ẹni tí wọ́n gba ọ̀bẹ rẹ̀ lọ́nà wá ńkọ́? Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 gbà kí ọlọ́pàá dá èèyàn dúró kó yẹ ara rẹ̀ wò, bí ìfura rẹ̀ bá nídìí gúnmọ́. Ó lè gba ọ̀bẹ náà pa mọ́ bí ẹ̀rí, bó bá ń mú onítọ̀hún lọ sí àgọ́. Ṣùgbọ́n gbígbà pátápátá tí abala 80 sọ, lẹ́yìn ìdájọ́ ni, kóòtù ló sì ń dájọ́. Bó bá kan ẹ̀yin, ẹ má yọ ọ̀bẹ fún un rí o. Ẹ gbọ́wọ́ sókè, ẹ ní ó wà lápò, kó yọ ọ́ fúnra rẹ̀.

Ó wá ku ti ọmọ yín. Ìwọ̀n ni wọ́n ń wọn ọ̀bẹ ní London. Òfin 1988 wọn ní èèyàn kò gbọdọ̀ mú ohun olójú mímú dání níta láìnídìí tó dára, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ sì lè tó ọdún 4. Ó yọ ọ̀bẹ àpò tó ń ká sílẹ̀, bí ojú rẹ̀ kò bá ju íǹṣì 3 lọ. Àmọ́ kóòtù wọn ní èyí tó bá há pa nígbà tí wọ́n bá ṣí i kò sí lára wọn, bó ti wù kó kéré tó. Ẹ ṣí tiyín wò báyìí. Ẹ fi ọwọ́ tẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Bó bá rọra ká padà sínú èèkù, ó wà lára àwọn tí wọ́n yọ sílẹ̀. Bó bá dúró gbọnyin, àfìgbà tí ẹ bá tẹ irin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, a jẹ́ pé ìdí tó dára, bí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, nìkan ló lè gbà á sílẹ̀ níta níbẹ̀, “mo fi ń dáàbò bo ara mi” kì í sì í ṣe ìdí lọ́dọ̀ wọn. Bó bá ń wọ bàálù, inú àpótí ńlá tó máa fà lé wọn lọ́wọ́ ni kó kó o sí. Bó bá wà nínú báàgì ọwọ́, Ìkẹjà ni yóò ti fi í sílẹ̀.