Ẹyẹ Igbó àti Adìẹ Ẹ̀yìnkùlé: Ọ̀nà Tí Bird Flu Ń Gbà Wọlé

Fáírọ́ọ̀sì kan ló ń fa bird flu. Ara pépéye igbó àti àwọn ẹyẹ etí omi ni ibùgbé rẹ̀ gan-an. Ọ̀pọ̀ nínú wọn lè gbé e kiri láìṣàìsàn rárá. Á máa bá ìgbẹ́ wọn jáde sínú omi, wọn á sì fò lọ ní tiwọn. Adìẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí irú rẹ̀ tó le, H5N1, bá wọ agbo adìẹ, ó lè pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Ara gọ́ọ̀sì kan ní Guangdong, ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà, ni wọ́n ti rí ìran H5N1 tó ń jà káyé lónìí ní ọdún 1996. Ó dé Áfíríkà ní oṣù Kejì ọdún 2006, Nàìjíríà ló sì kọ́kọ́ yà sí: oko adìẹ ńlá kan ní Jájí, ní Ìpínlẹ̀ Kaduna. Kò pẹ́ tó fi dé Èkó àti Ògùn. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ fáírọ́ọ̀sì náà wò fínnífínní, wọ́n rí i pé ìran mẹ́ta ló wọ orílẹ̀-èdè yìí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, èyí tó fi hàn pé ọ̀nà tó gbà wọlé ju ẹyọ kan lọ. Ní ọdún 2015, ó tún bẹ́ sílẹ̀ ní Kano àti Èkó, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì wà lára àwọn tó kàn. Ó tún padà wá ní 2021.

Orí ẹyẹ igbó ni gbogbo ẹ̀bi máa ń wó lé. Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò pé. Àwọn ẹyẹ tó ń sá fún òtútù ilẹ̀ Yúróòpù máa ń dé nígbà tí ọyẹ́ bá ń bọ̀, àmọ́ àbàtà Hadejia-Nguru àti agbègbè adágún Chad ni agbo ńláńlá wọn máa ń bà sí. Ìwọ̀nba ló ń dé ìhà gúúsù. Síbẹ̀, omi tí ẹyẹ lè bà sí kò wọ́n ní ìgbèríko Ìbàdàn: adágún Aṣéjìrẹ wà lápá Ẹgbẹ́dá, adágún ilé-iṣẹ́ IITA wà lápá Akínyẹlé, kòtò ẹja àti àkùrọ̀ sì wà káàkiri Lágelú àti Ọ̀nà-Àrà. Àwọn ẹyẹ tó ń gbé àyíká ilé ló ń so irú omi bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́ ẹ̀yìnkùlé. Lékeléke tó bà sí àkùrọ̀ láàárọ̀ lè wà lórí igi máńgòrò ẹ̀yìn ilé ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gà àti ológoṣẹ́ sì ń bá adìẹ ṣa oúnjẹ nínú abọ́ kan náà.

Èèyàn náà máa ń kó àrùn ran ẹyẹ. Ní ọdún 2006 yẹn, wọ́n rí H5N1 lára igún ní Burkina Faso. Ààtàn ni igún ti ń jẹun, òkú adìẹ tí èèyàn jù síbẹ̀ ló sì jọ pé ó ti kó o.

Nítorí pé ìdí omi àti oúnjẹ ni ẹyẹ ti ń pàdé adìẹ, abọ́ omi ni ìṣọ́ra ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ àgbàlá, àgbá tí wọ́n là sí méjì tàbí ìkòkò tó ti fọ́ lẹ́nu ni adìẹ fi ń mumi, abẹ́ igi ni wọ́n sì máa ń gbé e sí kí omi lè tutù. Ìgbẹ́ ẹyẹ tó wà lórí igi náà ń kán sínú rẹ̀. Kí wọ́n gbé e sábẹ́ òrùlé, kí wọ́n máa pààrọ̀ omi rẹ̀ lójoojúmọ́, kí ó sì jẹ́ omi kànga tàbí bóòhóòlù, kì í ṣe omi odò tàbí ti kòtò ẹja. Oúnjẹ náà kò gbọdọ̀ wà ní ìta gbangba. Ẹni tí adìẹ rẹ̀ ń jẹ̀ kiri kò ní ṣàdédé rówó kọ́lé fún wọn, ṣùgbọ́n ó lè máa fún wọn lóúnjẹ lábẹ́ òrùlé láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí ó sì gbá èyí tó ṣẹ́kù kí ẹ̀gà tó dé. Ẹni tó bá lágbára lè fi ọparun, páànù àti àwọ̀n onírin tí ojú rẹ̀ kò gba ológoṣẹ́ kọ́ ilé kékeré. Pépéye kò gbọdọ̀ bá adìẹ gbé pọ̀, pàápàá èyí tó ń lọ sódò tó sì ń padà wálé.

Ibi tí ọ̀pọ̀ kò ti fura ni ẹsẹ̀ èèyàn àti ẹrù rẹ̀. Alájàpá tó ń gun ọ̀kadà ra adìẹ láti abúlé dé abúlé, kíréètì ẹyin tó ti dé oko márùn-ún, ajílẹ̀ tí wọ́n kó wá fún oko ẹ̀fọ́, adìẹ tí kò tà lọ́jà tí wọ́n gbé padà wálé: gbogbo wọn ló lè gbé àrùn yìí ju ẹyẹ lọ. Oṣù Kejìlá, tí ọjà adìẹ Kérésì ń lọ geere, ni èyí máa ń pọ̀ jù. Kí wọ́n ya adìẹ tuntun, tàbí èyí tó ti ọjà bọ̀, sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Kí bàtà kan wà lẹ́nu ilé adìẹ tí wọn kò ní wọ̀ lọ ibòmíràn. Kí wọ́n fi ọṣẹ fọ ìdọ̀tí kúrò kí wọ́n tó da oògùn apakòkòrò sí i, torí oògùn tí a dà sórí ẹrẹ̀ àti ìgbẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́.

Bí àrùn náà bá ti wọlé, adìẹ lè máa kú láìtíì ṣe òjòjò. Orí òmíràn á wú, ogbe rẹ̀ á dúdú bí èyí tí wọ́n rẹ sínú aró, ẹsẹ̀ rẹ̀ á pọ́n, ẹyin á sì dá. Àrùn adìẹ mìíràn tó ń jẹ́ lùkúlùkú náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, ilé àyẹ̀wò nìkan ló sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Abẹ́rẹ́ lùkúlùkú kò wọ́n; ẹni tó ti gbà á fún adìẹ rẹ̀, tí ikú òjijì ṣì wọlé, ní ìdí láti tètè ké sí dókítà ẹran ìjọba.

Kí dókítà tó dé, wọn kò gbọdọ̀ ta èyí tó kù, wọn kò gbọdọ̀ pa á jẹ, wọn kò sì gbọdọ̀ ju òkú rẹ̀ sígbó. Èèyàn lè kó o: ó pa obìnrin kan ní Èkó ní oṣù Kìíní ọdún 2007. Ẹran àti ẹyin tó jinná dáadáa kò léwu. Inú pípa, títu ìyẹ́ àti títú ìfun adìẹ tó ń ṣàìsàn ni ewu wà. Kòtò jíjìn ni wọ́n ń sin òkú sí, jìnnà sí kànga, kí ajá má baà hú u. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọ ilé adìẹ tán, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kó fi ṣófo, kí wọ́n sì fi adìẹ díẹ̀ dán an wò kí wọ́n tó kó ìyókù wọlé.