Kí Ẹ Tó Ta Ṣọ́ọ̀bù Nítorí Físà Akẹ́kọ̀ọ́: Ṣé Ìdílé Yín Ṣì Lè Bá Yín Lọ Sílùú Ọba?

Owó tí èèyàn fi ọdún mẹ́wàá kó jọ nídìí òwò, ọ̀sẹ̀ kan péré lèèyàn lè fi ná an tán sórí ìrìn-àjò tí kò yé e. Ìdí nìyí tá a fi fẹ́ bá ẹ̀yin oníṣòwò kéékèèké sọ̀rọ̀ lónìí, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbèrò láti ta ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rọ tàbí mọ́tò, kẹ́ ẹ fi owó rẹ̀ lọ kàwé nílùú ọba, kẹ́ ẹ sì kó ìyàwó tàbí ọkọ àtàwọn ọmọ yín dání.

Kò tíì pẹ́ tí ọ̀nà yìí là sílẹ̀ gbayawu. Nígbà náà, ẹni tí yunifásítì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá ti gbà wọlé fún másítà ọlọ́dún kan lè kó ìdílé rẹ̀ lọ. Lọ́dún 2019, físà 16,047 ni wọ́n fún ìdílé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti gbogbo àgbáyé. Nígbà tó fi máa di 2022, ó ti di 135,788, tàwọn ọmọ Nàìjíríà nìkan sì lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìjọba ibẹ̀ ti ní ó tó gẹ́ẹ́. Ní ọjọ́ 23, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, wọ́n kéde pé àwọn máa ti ilẹ̀kùn náà, òfin ọ̀hún sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí gbogbo ẹ̀kọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 1, oṣù kìíní, ọdún 2024.

Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míràn. Ohun tí ọ̀rẹ́ yín ṣe lọ́dún 2022 tó bọ́ sí i, bẹ́ ẹ bá ṣe é lónìí, ẹ̀yin nìkan lẹ máa bá ara yín ní pápákọ̀ òfuurufú.

TA LÓ ṢÌ LÈ KÓ ÌDÍLÉ DÁNÍ?

Oríṣi akẹ́kọ̀ọ́ méjì ló kù. Èkíní ni ẹni tó ń ṣe ẹ̀kọ́ ìwádìí: PhD, tàbí másítà tí iṣẹ́ ìwádìí inú rẹ̀ pọ̀ ju èyí tí wọ́n ń kọ́ ní kíláàsì lọ. Èkejì ni ẹni tí ìjọba ń san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀, tí ẹ̀kọ́ náà sì ju oṣù mẹ́fà lọ. Àpẹẹrẹ ni Chevening àti Commonwealth Scholarship. Ẹ má gbàgbé pé Chevening kì í san owó tìyàwó tàbí tọmọ. Àpò ara yín lẹ máa ti mú un.

Másítà lásán, bíi ti ìṣirò owó, ìmọ̀ kọ̀ǹpútà tàbí MBA, kò sí nínú rẹ̀. Kò sí iye owó tẹ́ ẹ lè ní ní báńkì tó máa yí ìyẹn padà. Orúkọ kọ́ọ̀sì náà kò sì tó láti fi mọ̀ bóyá ó jẹ́ ti ìwádìí. Ẹ kọ̀wé sí yunifásítì náà fúnra rẹ̀ kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀, kẹ́ ẹ sì gba èsì lórí ìwé.

Àwọn tí òfin ń pè ní ìdílé náà níye. Ìyàwó tàbí ọkọ wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún. Ìyá àgbà, àbúrò àti ọmọ tó ti dàgbà kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá ní ìyàwó méjì, ẹyọ kan ṣoṣo ni òfin ibẹ̀ mọ̀. Wọ́n máa béèrè ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó àti ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ. Bó bá jẹ́ ìdána nìkan lẹ ṣe, ẹ tètè wá ibi tẹ́ ẹ ti máa forúkọ ìgbéyàwó náà sílẹ̀ lọ́nà òfin.

“Ẹ LỌ NÁ, WỌ́N Á TẸ̀ LÉ YÍN”

Ọ̀rọ̀ tí àwọn ejẹ́ǹtì kan fi ń tu owó lápò èèyàn nìyí. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ lọ ṣe másítà, tẹ́ ẹ bá débẹ̀ ẹ yí físà padà sí ti iṣẹ́, kẹ́ ẹ wá ránṣẹ́ pe ará ilé. Àmọ́ láti ọjọ́ 17, oṣù keje, ọdún 2023, akẹ́kọ̀ọ́ kò lè yí físà rẹ̀ sí ti iṣẹ́ àfi tó bá parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. PhD nìkan ló yàtọ̀ díẹ̀.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó tí ọ̀pọ̀ fi ń sáré lọ náà ti yí padà. Láti ọjọ́ 11, oṣù kẹta, ọdún 2024, ẹni tó bá gba físà iṣẹ́ náà kò lè mú ìdílé wá mọ́. Nígbà tó di ọjọ́ 22, oṣù keje, ọdún 2025, wọ́n dá gbígba òṣìṣẹ́ tuntun fún un láti òkè òkun dúró.

Físà tí wọ́n ń fún ẹni tó bá ti gboyè ńkọ́? Ọdún méjì ni fún ẹni tó ṣe másítà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá béèrè fún un láti ọjọ́ 1, oṣù kìíní, ọdún 2027 lọ, ọdún kan àtààbọ̀ ló máa gbà. Ìdílé tó ti wà pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ náà tẹ́lẹ̀ nìkan ló lè bá a jókòó lórí físà yẹn. Nítorí náà, ẹni tó bá fi másítà ọlọ́dún kan lọ lè lo bí ọdún méjì àtààbọ̀ láìgbé pẹ̀lú ìyàwó àtọmọ, àyàfi tó bá tètè rí ilé-iṣẹ́ tó máa gbà á síṣẹ́ tó tó ìwọ̀n tí òfin fẹ́. Ẹ jókòó sọ èyí nínú yàrá yín kẹ́ ẹ tó sọ ọ́ fún ejẹ́ǹtì.

Ẹ JẸ́ KÁ ṢÍRÒ Ó

Ká ní ìyá kan ń ránṣọ l'Óṣogbo, ọkọ rẹ̀ jẹ́ olùkọ́ ní pólì, wọ́n sì bí ọmọ méjì. Ọkọ rí ààyè PhD ọlọ́dún mẹ́ta gbà ní yunifásítì kan nílùú Leeds. Gbogbo wọn lè lọ. Èló ni wọ́n máa ní lọ́wọ́?

Owó tí wọ́n fẹ́ rí ní báńkì kọ́kọ́ wà. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2025, £1,171 lóṣù ni ti akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lẹ́yìn odi London, fún oṣù mẹ́sàn-án: £10,539. Ti ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ìdílé jẹ́ £680 lóṣù, fún oṣù mẹ́sàn-án: £6,120. Èèyàn mẹ́ta jẹ́ £18,360. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ £28,899. Bó bá jẹ́ inú London ni, ó máa di £36,576. Bí owó ilé-ìwé ọdún àkọ́kọ́ bá ṣì kù tí wọn kò tíì san, wọ́n máa fi ìyẹn kún un.

Owó yìí ṣì jẹ́ tiwọn. Wọ́n máa fi jẹun, wọ́n máa fi san owó ilé. Èyí tó ń lọ tí kò ní padà ni owó ìtọ́jú ìlera, £776 lọ́dún lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà fún gbogbo ìgbà tí físà máa fi wà. PhD ọlọ́dún mẹ́ta máa gba nǹkan bí ọdún mẹ́ta àtààbọ̀ lórí físà, torí náà £2,716 lórí ẹnì kan, £10,864 lórí èèyàn mẹ́rin. Owó físà fúnra rẹ̀ jẹ́ £524 lórí ẹnì kan nígbà tí wọ́n fi kún un ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ìyẹn £2,096. Ó ti lé ní £12,900 kí wọ́n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n tó ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ. Bí wọn kò bá fún wọn ní físà, owó ìlera máa padà, owó físà kò ní padà. Ìjọba ibẹ̀ sì máa ń fi kún owó wọ̀nyí, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ san.

ỌJÀ INÚ ṢỌ́Ọ̀BÙ KÌ Í ṢE OWÓ LÓJÚ WỌN

Ibí yìí ni oníṣòwò ti máa ń kọsẹ̀ jù. Ilẹ̀, ilé, ọjà àti ṣíà kò wọ inú ìṣirò náà. Owó tó wà ní báńkì, tẹ́ ẹ lè fọwọ́ kàn lọ́jọ́ náà, ni wọ́n ń wá. Ó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 28 gbáko láìdín lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ọjọ́ tó kẹ́yìn nínú sítétímẹ́ǹtì náà kò sì gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ 31 lọ kẹ́ ẹ tó fi ìwé sílẹ̀. Ẹni tó bá fi owó ọjà san fún oníbàárà láàárín ọjọ́ 28 yẹn, tí owó wá lọ sílẹ̀ fún ọjọ́ kan, ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Àkáǹtì akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀, ti òbí rẹ̀, tàbí ti ìyàwó tàbí ọkọ tó ń bá a lọ ni wọ́n ń gbà. Ti ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ kò wọlé. Bí owó yín bá wà lórúkọ ilé-iṣẹ́, ẹ tètè gbé e sí èyí tó ń jẹ́ orúkọ yín, kẹ́ ẹ sì tọ́jú ìwé tó fi ibi tó ti wá hàn, ì báà ṣe èsúsú tẹ́ ẹ kó tàbí mọ́tò tẹ́ ẹ tà. Ẹ má fi ayédèrú sítétímẹ́ǹtì dánra wò. Wọ́n lè fòfin dè yín fún ọdún mẹ́wàá.

TA NI KÓ ṢE AKẸ́KỌ̀Ọ́?

Físà akẹ́kọ̀ọ́ kò gba èèyàn láàyè láti ṣòwò tara rẹ̀. Wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ló lè fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá nígbà tí ilé-ìwé bá wọlé. Kò lè gba owó aṣọ rírán, kò lè dirun tà, kò lè ṣe kéèkì tà, kò lè wa Uber.

Ìyàwó tó bá ọkọ rẹ̀ lọ ṣe PhD, tiẹ̀ yàtọ̀. Ó lè ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, ó sì lè dá iṣẹ́ tara rẹ̀ sílẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ wa, ìyá aránṣọ yẹn lè gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ ní Leeds kó sì máa ránṣẹ́ fún oníbàárà, nígbà tó jẹ́ pé òun ìbá ti kó sí wàhálà ká ní òun ni akẹ́kọ̀ọ́. Níbi tí tọkọtaya bá ti ní ìwé méjèèjì, ẹ jẹ́ kí èyí tí iṣẹ́ ọwọ́ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Àmọ́ físà ìdílé so mọ́ ti akẹ́kọ̀ọ́: tó bá fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ti gbogbo ilé ló bá a lọ.

Ti Kánádà àti Amẹ́ríkà náà ti le. Ní Kánádà, láti ọjọ́ 21, oṣù kìíní, ọdún 2025, ìwé iṣẹ́ kò tọ́ sí ọkọ tàbí ìyàwó akẹ́kọ̀ọ́ àfi tí ẹ̀kọ́ náà bá jẹ́ PhD, másítà oṣù mẹ́rìndínlógún sókè, tàbí àwọn iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé díẹ̀. L'Amẹ́ríkà, físà F-2 tí wọ́n ń fún ìyàwó tàbí ọkọ kò gba iṣẹ́ ṣíṣe rárá. Àṣẹ tí ààrẹ ibẹ̀ fọwọ́ sí ní oṣù kejìlá ọdún 2025 sì kan físà akẹ́kọ̀ọ́ fún ọmọ Nàìjíríà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2026.

ṢỌ́Ọ̀BÙ ŃKỌ́?

Ẹ má tà á kẹ́ ẹ tó rí físà. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ má tà á rárá. Ẹ ka gbogbo ọjà inú rẹ̀, ẹ fi ọmọ iṣẹ́ tó mọwọ́ yín tàbí mọ̀lẹ́bí tó mọ ìṣirò síbẹ̀, kẹ́ ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀: ta ló ń darí, èló ni tirẹ̀, ìgbà wo ni ìṣirò. Ẹ ya ojú owó sọ́tọ̀ kúrò lára owó ìrìn-àjò. Bí ìrìn-àjò náà kò bá bọ́ sí i, ẹ ó ṣì ní ibi tẹ́ ẹ máa padà sí.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Bó bá jẹ́ pé másítà lásán ni owó yín ká, tí ìdílé kò sì lè bá yín lọ, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ ọ́n kẹ́ ẹ tó lọ, kí ìyàwó àtọmọ náà sì mọ̀ ọ́n.