Ìtọ́jú Agbo-Ilé fún Ọmọ tí Àwọn Ọ̀daràn Ń Lò

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin àgbà Ìdóàní, ọ̀rọ̀ wa kan ọmọ ọdún 13 sí 17 tí àgbàlagbà oníṣẹ́-ibi ń rán níṣẹ́. Ọmọ ni ọlọ́pàá ń mú. Ẹni tí ó rán an kì í sí níbẹ̀.

Kì í ṣe ohun titun. Ní Èkó, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọdékùnrin kan wà tí a ń pè ní Boma boys. Àwọn ni ń mú àwọn atukọ̀ òkun láti èbúté lọ sí ilé aṣẹ́wó. Ìjọba fi Donald Faulkner ṣe alábòójútó ọ̀ràn àwọn èwe, òfin àwọn ọmọdé sì jáde ní 1943. A sì dá ọ̀pọ̀ ọmọ padà sí ìlú wọn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a dá padà sínú ìjà tí ó sá fún, kì í pẹ́ kí ó tó tún mú ọ̀nà pọ̀n.

Lónìí, ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní àwọn ìlú ńlá mìíràn ní Ìlú Ọba, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, àwọn ẹgbẹ́ tí ń ta oògùn olóró ń fi èwe gbé e lọ sí àwọn ìlú kéékèèké. County lines ni wọ́n ń pe òwò náà, nítorí ìlà tẹlifóònù tí àwọn oníbàárà fi ń pè. Wọn a kọ́kọ́ fún ọmọ ní bàtà àti fóònù. Lẹ́yìn náà wọ́n lè rán ènìyàn wọn láti ja ẹrù náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀, wọn a sì wí pé, "O jẹ wá ní gbèsè." Láti ọjọ́ náà ìwọ̀fà ni ọmọ náà, ìwọ̀fà tí baba rẹ̀ kò yá kọ́bọ̀ lé lórí. Àwọn òbí kò mọ̀ nípa gbèsè. Kìkì àfojúdi ni wọ́n rí. Wọn a nà án, tàbí kí wọ́n rán an wá sí ilé-ìwé ìbùgbé ní Nàìjíríà.

Ìtọ́jú tí a ń pè ní Functional Family Therapy, èyí tí James Alexander àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Utah ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí 1970, kì í ya ọmọ sọ́tọ̀. Gbogbo ilé ni olùtọ́jú ń bá jókòó, ní ìgbà 8 sí 30, láàárín oṣù 3 sí 6. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí olúkúlùkù ṣíwọ́ dídá ẹnìkejì lẹ́bi. Bí ìyá bá kígbe pé, "Ìwọ ni yóò pa mí!" olùtọ́jú lè wí pé, "Mo gbọ́ bí ẹ̀rù ti ń bà yín tó, kí ẹ má bàa pàdánù ọmọ yìí." Bí ọmọ bá mọ̀ pé ẹ̀rù ni, tí kì í ṣe ìkórìíra, ó lè gbé ojú sókè. Nígbà náà ni a ó wádìí èrè tí ìwà náà ń mú wá fún un: bóyá ní alẹ́ tí ó bá pẹ́ níta nìkan ni baba rẹ̀ ń bá a sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn èyí ni a ń kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ sísọ láìsí ariwo, àti bí a ti ń fi ohùn ṣọ̀kan lórí wákàtí ìpadàbọ̀; níkẹyìn a ó ké sí olùkọ́ àti aládùúgbò.

Kì í ṣe ajẹ́bíidán. Ní 2018 a tẹ àbájáde ìdánwò kan jáde ní Ìlú Ọba, lórí 684 ẹbí, nípa ìtọ́jú tí ó jọ ọ́, tí a ń pè ní Multisystemic Therapy. Lẹ́yìn oṣù 18 kò sàn ju ìtọ́jú tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ní tèmi, ọ̀rọ̀ rere nínú ilé nìkan kò lè já okùn tí ọ̀daràn fi so ọmọ. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ilẹ̀ wa ti 2003 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 sí orí ẹni tí ó bá lo ọmọdé fún ìwà ọ̀daràn.

Níhìn-ín, ó lè jẹ́ àwọn oníjìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn ọmọ Yahoo, ni yóò tan ọmọ lọ. A kò nílò àlejò kí ẹbí tó péjọ. Ṣùgbọ́n ìpàdé wa a máa di ilé-ẹjọ́. Ọmọ a kúnlẹ̀, àwọn àgbà a bá a wí, yóò bẹ̀bẹ̀, a ó sì tú ká. Kò sí ẹni tí ó bi í pé, "Ta ni ó fún ọ ní fóònù yìí? Kí ni o jẹ ẹ́? Bí o kò bá lọ lọ́la, kí ni wọ́n ní àwọn yóò ṣe sí ọ?" Bí ó bá dáhùn ìbéèrè kẹta yìí, kí ó má ṣe sùn ní alẹ́ ọjọ́ náà níbi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n, kí àgbà kan sì bá a lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá.