Ohun tí páálí kàtúùṣì ń sọ fún ọdẹ pẹ́pẹ́yẹ

Ní Kégué, ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Lomé, ilé fara kan ilé. Àwọn ènìyàn mọ àdúgbò náà nítorí pápá ìṣeré ńlá tí a ṣí níbẹ̀ ní ọdún 2000. Ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí a ti ń yìnbọn sí ẹyẹ. Ṣùgbọ́n inú igbó nìkan kọ́ ni ọdẹ ń gbé. Ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ní Kégué láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì lè lọ sí abúlé rẹ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ní ẹ̀bá odò Zio tàbí ní ẹ̀bá adágún Tógò, kí ó sì gbé ìbọn bàbá rẹ̀ kọ́ èjìká. Ẹni tí kò fọwọ́ kan ìbọn rí pàápàá lè ra pẹ́pẹ́yẹ igbó, kí ó sì sè é fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kàtúùṣì kan àwọn méjèèjì.

Pẹ́pẹ́yẹ igbó tí ó wọ́pọ̀ lórí àwọn omi wa ni èyí tí iwájú orí rẹ̀ funfun, tí ẹ̀yìn orí rẹ̀ sì dúdú. Ó ń súfèé bí ó ti ń fò. Kì í sábà wọn tó kílò kan. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ mìíràn ń ti Yúróòpù wá ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n ń fò kọjá aṣálẹ̀ Sàhárà kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ọdẹ tí ó fẹ́ pa irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ kàtúùṣì tí yóò rà. Ọ̀pọ̀ ọdẹ ń fi àwọ̀ páálí dá a mọ̀, tàbí kí wọ́n gba èyí tí ẹni tí ń tà á bá nawọ́ rẹ̀ sí wọn. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà mélòó kan àti ọ̀rọ̀ kan wà lára páálí náà. Ẹni tí ó bá lè kà wọ́n yóò dáàbò bo ọwọ́ àti ojú ara rẹ̀, yóò dáàbò bo ẹyẹ tí kò pa, yóò sì dáàbò bo ọmọ tí yóò jẹ ẹran náà.

Nọ́ńbà kìíní: 12/70

Lára ọ̀pọ̀ páálí, a ó rí i tí wọ́n kọ 12/70 tàbí 12/65. Nọ́ńbà 12 ń sọ bí ẹnu ìbọn ṣe fẹ̀ tó. Ìbọn tí ó jẹ́ 16 kéré sí i, èyí tí ó jẹ́ 20 sì tún kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kàtúùṣì 20 kò gbọ́dọ̀ wọ inú ìbọn 12 láé. Bí ó bá wọ̀ ọ́, yóò yọ̀ wọ inú ọ̀pá ìbọn, yóò sì há síbẹ̀. Ọdẹ tí ó bá rò pé ìbọn òun ṣófo lè ki kàtúùṣì 12 lé e lẹ́yìn. Bí ó bá yìn ín, ọ̀pá ìbọn yóò fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Nítorí ewu yìí ni ilé iṣẹ́ púpọ̀ fi ń ṣe kàtúùṣì 20 ní àwọ̀ ìyeyè, kí ojú lè tètè dá a mọ̀.

Nọ́ńbà 70 ń sọ gígùn kàtúùṣì ní mìlímítà. Níhìn-ín ni ojú ti ń tan ọdẹ jẹ. Gígùn tí wọ́n kọ náà ni gígùn kàtúùṣì lẹ́yìn tí a bá ti yìn ín, nígbà tí ẹnu rẹ̀ tí wọ́n ká pọ̀ bá ti tú sílẹ̀. Kí a tó yìn ín, ó kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, kàtúùṣì 70 lè wọ inú ìbọn àtijọ́ tí ihò rẹ̀ jẹ́ 65, ìbọn yóò sì pa dé láìsí ìdíwọ́ kankan. Ọdẹ yóò rò pé ó bá a mu. Nígbà tí ó bá yìn ín, ẹnu kàtúùṣì kò ní rí àyè tú sílẹ̀ dáadáa. Agbára iná yóò ga ju èyí tí ìbọn náà lè gbà lọ. Ojú kò lè rí ewu yìí, ọwọ́ kò sì lè mọ̀ ọ́n. Nọ́ńbà nìkan ni ó ń sọ ọ́. Wọ́n sábà máa ń kọ nọ́ńbà ìbọn sí ara ọ̀pá rẹ̀, ní ìsàlẹ̀, níbi tí ìbọn ti ń ṣẹ́ sí méjì. Èyí tí ó wà lára páálí kò gbọ́dọ̀ ju èyí tí ó wà lára ìbọn lọ.

Nọ́ńbà kejì: títóbi ọta

Lẹ́yìn èyí, a ó rí àmì n° pẹ̀lú nọ́ńbà kan: 2, 4, 6 tàbí 7. Nọ́ńbà yìí ń sọ bí ọta wẹ́wẹ́ inú kàtúùṣì ṣe tóbi tó, ṣùgbọ́n ó ń sọ ọ́ ní òdìkejì: bí nọ́ńbà bá ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ọta ń kéré sí i. Ọta n° 4 jẹ́ bíi mìlímítà 3. Ọta n° 7 kéré sí i.

Ọta kéékèèké pọ̀ nínú kàtúùṣì kan, ṣùgbọ́n agbára wọn ń tètè tán lójú afẹ́fẹ́. Wọn kì í lè la ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ já, nítorí ìyẹ́ rẹ̀ ki. Ọta ńláńlá lágbára, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀. Ẹyẹ lè gba àárín wọn kọjá, tàbí kí ọta kan ṣoṣo bà á ní ikùn, kí ó fò lọ, kí ó sì kú sínú koríko níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rí i. Ìyà ẹyẹ nìyẹn, àdánù ọdẹ sì ni. Bí ọta bá jẹ́ òjé, n° 4, n° 5 tàbí n° 6 ni ó yẹ pẹ́pẹ́yẹ.

Kàtúùṣì tí àwọn Faransé ń pè ní chevrotine kò yẹ ẹyẹ rárá. Ọta ńláńlá mẹ́sàn-án péré ni ó sábà máa ń wà nínú rẹ̀ bí ìbọn bá jẹ́ 12. Ìṣirò kan wà tí àwọn ọdẹ ilẹ̀ Faransé ń kọ́: kí a mú fífẹ̀ ọta ní mìlímítà, kí a sọ ọ́ di ìlọ́po 100, iye mítà tí ọta náà lè dé nìyẹn. Ọta mìlímítà 3 lè dé mítà 300. Apẹja inú ọkọ̀ ojú omi, obìnrin tí ń fọ aṣọ létí odò, ọmọ tí ń da ẹran, gbogbo wọn lè wà láàárín mítà 300 náà. Bí ọta bá ti tóbi sí i ni ewu ń jìnnà sí i.

Ọ̀rọ̀ kan: òjé tàbí irin

Ọ̀rọ̀ tí ó kù ni èyí tí ń sọ ohun tí wọ́n fi ṣe ọta. Plomb ni òjé lédè Faransé. Acier ni irin. Kí òǹkàwé kíyè sí i: àwọn Faransé tún máa ń pe ọta wẹ́wẹ́ ní plomb, ohun yòówù tí wọ́n ì báà fi ṣe é. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ acier ni kí a wá. Ẹni tí kò bá dá a lójú lè tú kàtúùṣì kan, kí ó sì mú òòfà sún mọ́ ọta inú rẹ̀: òòfà ń fa irin, kì í fa òjé.

Kí ni ó fà á tí èyí fi ṣe pàtàkì lórí omi? Kàtúùṣì kan tí ó gba òjé gírámù 32, tí ọta rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 3, ní ọta bíi 200 nínú. Díẹ̀ péré ni ó ń ba ẹyẹ. Ìyókù ń bọ́ sínú omi, ó sì ń wà nínú ẹrẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ kò ní eyín. Ó ń gbé òkúta wẹ́wẹ́ mì kí iwe rẹ̀ lè fi wọ́n lọ oúnjẹ. Ó ń gbé ọta òjé mì bí ẹni gbé òkúta mì. Iwe rẹ̀ a lọ̀ ọ́, òjé a wọ inú ẹ̀jẹ̀, ẹyẹ a rù, apá rẹ̀ a rọ, a sì kú. Ọta mélòó kan péré ti tó láti pa á. Báyìí ni ọdẹ ṣe ń pa ẹyẹ tí kò ní kó wá sílé.

Nítorí èyí ni Dẹ́nmákì fi ka ọta òjé léèwọ̀ fún gbogbo ọdẹ ní ọdún 1996. Amẹ́ríkà ti kà á léèwọ̀ fún ọdẹ pẹ́pẹ́yẹ ní gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ láti ọdún 1991. Faransé kà á léèwọ̀ lórí omi àti ní àbàtà ní ọdún 2006. Gbogbo Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù sì ṣe bákan náà ní oṣù kejì ọdún 2023. Àdéhùn àgbáyé kan tún wà lórí àwọn ẹyẹ omi tí ń rìnrìn àjò láàárín Áfíríkà àti Yúróòpù. Tógò wà nínú rẹ̀. Àdéhùn náà ní kí àwọn orílẹ̀-èdè fi ọta òjé sílẹ̀ ní àbàtà.

Ṣùgbọ́n irin kì í ṣe òjé. Ó fúyẹ́ jù ú lọ, agbára rẹ̀ sì ń tètè dínkù. Ọdẹ tí ń lo òjé n° 6 gbọ́dọ̀ mú irin n° 4, kò sì gbọdọ̀ yìnbọn sí ẹyẹ tí ó jìnnà ju mítà 30 sí 35 lọ. Irin tún le, ó sì lè ta padà lára omi tàbí òkúta. Ó lè ba ọ̀pá ìbọn àtijọ́ jẹ́, pàápàá èyí tí ẹnu rẹ̀ fún. Kí ọdẹ mú ìbọn náà lọ fún alágbẹ̀dẹ ìbọn kí ó tó lò ó. Àwọn kàtúùṣì irin kan wà tí agbára wọn pọ̀ gan-an. Ìbọn tí wọ́n fi àmì òdòdó lílì sí lára nìkan ni ó lè gbà wọ́n.

Nínú ìkòkò ọbẹ̀

Àwọn àgbà ní, ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ọta òjé tí ó bá wọ ẹran máa ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí. Yíyọ ọta tí ó kan eyín kò tó. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan nínú ẹ̀jẹ̀ tí a mọ̀ pé kò lè pa ènìyàn lára. Ọpọlọ ọmọdé ni ó ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Ní ìpínlẹ̀ Zamfara ní Nàìjíríà, ní ọdún 2010, eruku òjé láti inú òkúta tí wọ́n ń lọ̀ láti yọ wúrà pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé. Òjé inú ẹran ìgbẹ́ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n májèlé kan náà ni.

Ẹni tí ń se pẹ́pẹ́yẹ tí a fi òjé pa gbọ́dọ̀ gé ojú ọgbẹ́ àti ẹran tí ó yí i ká dànù. Kò dára kí ó fi tòmátì púpọ̀ tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ sè é, nítorí ohun kíkan ń yọ́ òjé sínú ọbẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ewu oúnjẹ ní Jámánì gbani níyànjú pé kí aláboyún àti ọmọdé má jẹ ẹran tí a fi òjé pa rárá.

Kí ọdẹ tó jáde

Òfin igbó ilẹ̀ Tógò, ti ọjọ́ 19 oṣù kẹfà ọdún 2008, kan ẹranko ìgbẹ́ pẹ̀lú. Kí ọdẹ lọ sí ọ́fíìsì Eaux et Forêts kí ó béèrè ìwé àṣẹ, ẹyẹ tí a lè pa, àkókò tí a lè pa á, àti ibi tí a ti kà á léèwọ̀. Kí ó tún ní ìwé àṣẹ ìbọn lọ́wọ́.

Nígbà tí ó bá dé ṣọ́ọ̀bù, kí ó má ṣe sanwó kí ó tó yí páálí náà wò. Kí ó ka nọ́ńbà méjèèjì, kí ó fi wọ́n wé ti ìbọn rẹ̀, kí ó ka àmì n°, kí ó sì wá ọ̀rọ̀ acier. Bí kò bá rí irin rà, tàbí bí ìbọn rẹ̀ kò bá lè gbà á, kí ó jẹ́ kí pẹ́pẹ́yẹ máa fò lọ.